Kí Ni Wáìnì Náà Ṣe? Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Títọ́ Wáìnì Funfun Wò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Mo rí àwọn kan tí ojú wọn ò kúrò lára gíláàsì mẹ́ta tó wà níwájú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n ná, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé mò ń lọ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì funfun wò, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní, "Ṣé ìwọ ò mọ̀ pé a kì í fi ọ̀nà ikùn han ọ̀fun ni?" Mo ní mo mọ̀. Ọ̀fun ò nílò olùkọ́. Ahọ́n tó fẹ́ ròyìn ohun tó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá ló nílò rẹ̀. Ẹ wò ó: ẹ mu wáìnì kan lánàá, ó wù yín, ẹnì kan wá bi yín pé báwo ló ṣe rí. Kí lẹ sọ? "Ó dáa." Èkejì ńkọ́? "Òun náà dáa." Ṣé ẹni tó bi yín lè fi ìyẹn dá wáìnì náà mọ̀ láàárín ogún ìgò?

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wá, màá sì máa tún un sọ títí ẹ ó fi ní ó tó. Kí ẹ tó sọ ohun tí wáìnì jọ, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe. Kí ló ṣe fún ahọ́n? Kí ló ṣe fún ẹ̀rẹ̀kẹ́? Ṣé ó ta ni, àbí ó gún? Ṣé ó ṣàn, àbí ó lẹ̀? Ṣé ó dúró bá yín sọ̀rọ̀, àbí ó kàn yára kọjá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé? Àwọn tó ń kọ̀wé sẹ́yìn ìgò fẹ́ràn orúkọ: lẹ́mọ́ọ̀nù, píà, òdòdó funfun, oyin. Orúkọ dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó dárúkọ èso mẹ́wàá láìsọ bóyá wáìnì náà kan tàbí kò kan, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níwájú yín. Orúkọ irú èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni màá fi pè é. Gíláàsì ti ọwọ́ òsì, Riesling ni, láti àfonífojì odò Mosel ní Jámánì. Ti àárín, Sauvignon Blanc láti Marlborough ní New Zealand. Ti ọwọ́ ọ̀tún, Chardonnay tó gbé inú àgbá igi óákù kó tó dé inú ìgò. Nǹkan bíi mílílítà 50 ni mo bù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ahun o. Gíláàsì tó kún kò ṣeé fì, èyí tí kò bá sì ṣeé fì, òórùn rẹ̀ ò ní jáde dáadáa. Kòróbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yín, ibẹ̀ lẹ ó máa tu wáìnì sí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e káàkiri ẹnu. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi èyí ṣiṣẹ́, tó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, ta ni yóò lè ka ohun tó kọ nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán?

OJÚ

Kò yẹ ká pẹ́ níbi ojú. Ẹ fi bébà funfun tí mo pín sẹ́yìn gíláàsì, kí ẹ da gíláàsì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Ti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi, ó kàn ní àwọ̀ ewé díẹ̀ létí. Ti ọ̀tún ń dán bí òrùka wúrà. Kí ni ìyàtọ̀ yẹn ń sọ? Ó lè jẹ́ pé èyí tó dà bíi wúrà ti dàgbà, ó lè jẹ́ pé ó gbé inú igi, ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Wáìnì pupa máa ń ṣá bó bá ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n ti funfun, ṣe ni àwọ̀ rẹ̀ ń ki sí i. Àwọ̀ ò lè sọ bóyá ó dùn. Kò tilẹ̀ lè sọ irú èso tí wọ́n fi ṣe é, torí èso àjàrà dúdú wà nínú ọ̀pọ̀ Champagne: èèpo ni àwọ̀ wà, omi inú èso náà mọ́ gaara. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ojú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó máa ń purọ́ fún imú. Gil Morrot, Frédéric Brochet àti Denis Dubourdieu tẹ ìwádìí kan jáde ní 2001. Wọ́n gbé wáìnì funfun fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 tó ń kọ́ ìmọ̀ wáìnì ní Bordeaux, wọ́n ní kí wọ́n kọ òórùn tí wọ́n gbọ́. Wọ́n tún gbé wáìnì funfun kan náà fún wọn, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti fi aró pupa tí kò ní òórùn sí i. Kí làwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ? Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàpèjúwe wáìnì pupa ni wọ́n kó sílẹ̀. Imú wọn ò ṣàìsàn o. Ojú ló ti sọ̀rọ̀ kí imú tó yanu.

IMÚ

Ẹ wo bí èdè wa ṣe gbọ́n tó: a máa ń gbọ́ òórùn ni, bí ẹni ń gbọ́ ohùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ nǹkan, á kọ́kọ́ dákẹ́. Nítorí náà ẹ má tíì fì gíláàsì. Ẹ gbé ti àárín súnmọ́ imú bó ṣe wà, ẹ gbọ́ ọ. Ó yá, ẹ fì í yípo lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ tún gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó ti ń pariwo.

Ẹ fi ìka méjì di imú yín pa. Ẹ má tú u o. Ẹ mu díẹ̀ nínú ti àárín náà, kí ẹ gbé e káàkiri ẹnu. Kí lẹ rí? Ó kan, ó tutù, ó parí. Ó yá, ẹ tú imú sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí gbogbo ilé ṣe hó! Gbogbo èso ló rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ahọ́n ò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Adùn, kíkan, kíkorò, iyọ̀, àti ìtọ́wò tí omi ẹran máa ń ní, kò ju ìyẹn lọ. Ìyókù tí à ń pè ní "adùn ẹnu", òórùn ni, ó kàn gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ sí imú.

Kí lẹ gbọ́ nínú rẹ̀? Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní koríko tútù. Ẹnì kan ní ewé. Ẹ ò ṣì í. Èròjà kan wà nínú èso Sauvignon Blanc tí wọ́n ń pè ní methoxypyrazine. Irú rẹ̀ náà ló wà nínú ata ńlá aláwọ̀ ewé tí kì í ta. Àwọn èròjà míì tí wọ́n ń pè ní thiol ló ń mú òórùn passion fruit àti ti grapefruit wá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa thiol wọ̀nyí ni pé inú èso àjàrà gan-an, wọn ò lóòórùn. Ṣe ni wọ́n so mọ́ nǹkan míì, bí ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́. Ìwúkàrà ló ń tú wọn sílẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ṣúgà di ọtí. Bí ẹ bá já èso náà lórí igi jẹ, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń gbọ́ nínú gíláàsì yìí.

Ẹni tó bá sì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì nínú ti òsì, kó má tijú. Riesling máa ń ní in, pàápàá bí oòrùn bá pa èso rẹ̀ dáadáa tí wáìnì náà sì pẹ́ nínú ìgò. Àwọn kan máa ń sá fún un. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ bó bá mọ níwọ̀n.

Níbi tí mo ti kọ́kọ́ kọ́ nǹkan yìí, mo jókòó ti ọkùnrin kan tí gègé rẹ̀ kì í sinmi. Mo yọjú wo ìwé rẹ̀. Ó kọ "gooseberry". Èmi náà kọ gooseberry. Nígbà tí olùkọ́ wa dé ọ̀dọ̀ mi, ó ka ìwé mi, ó ní, "Báwo ni gooseberry ṣe máa ń rí lẹ́nu?" Mi ò rí i sójú rí, ká má tíì sọ pé mo jẹ ẹ́. Ó fa ìlà gba orí ọ̀rọ̀ náà kọjá, ó ní kí n di ojú, kí n sọ ibi tí òórùn náà gbé mi lọ. Mo ní ó gbé mi lọ sí ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí wọ́n ń gé koríko. Ó ní, "Kọ ìyẹn." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òórùn tí ẹ ò bá tíì gbọ́ rí, ẹ má yá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ann Noble ti Yunifásítì California ní Davis kó àwọn ọ̀rọ̀ òórùn jọ sórí àwòrán kan tó rí bí àgbá kẹ̀kẹ́, ní àwọn ọdún 1980. Láti àárín dé etí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń ṣe pàtó sí i: èso, lẹ́yìn náà irú èso bí ọsàn, lẹ́yìn náà lẹ́mọ́ọ̀nù. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kò gba "ó gbayì" tàbí "ó rẹwà" láyè. Ibi tí mo ti bá a ní gbólóhùn asọ̀ ni pé òórùn nìkan ló wà lórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ní imú, kò lẹ́nu.

Kí n tó kúrò níbi imú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo fi ìgò kan sí fíríìjì láti òwúrọ̀, mo ṣí i fún àwọn àlejò lálẹ́, mo sì ní kí wọ́n má bínú, wáìnì náà ò ní láárí, kò ní òórùn kankan. Ìgbà tí wọ́n lọ tán tí mo fẹ́ fọ gíláàsì, mo gbé èyí tó ṣẹ́kù sí imú. Òdòdó! Oyin! Wákàtí kan sẹ́yìn, òtútù ló dì í lẹ́nu. Èmi ni mo jẹ̀bi, tí mo sì lọ dá wáìnì lẹ́bi. Wáìnì funfun tó fúyẹ́, ẹ jẹ́ kó wà láàárín ìwọ̀n 7 sí 10 ti Celsius. Èyí tó wúwo tó sì gbé inú igi, 10 sí 13.

ẸNU

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí.

Ẹ mu ti òsì. Ẹ gbé e dé gbogbo kọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ tu ú sí kòróbá. Ẹ wá tẹ orí ba, ẹ la ẹnu díẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ahọ́n? Itọ́ ń sun. Ó ń sun láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kò fẹ́ dáwọ́ dúró. Bí kíkan bá ṣe pọ̀ tó ni itọ́ ṣe máa ń pọ̀ tó. Ẹ rántí èyí, torí ahọ́n ṣeé tàn jẹ, itọ́ ò ṣeé tàn jẹ.

Kí ló ń tan ahọ́n? Ṣúgà ni. Nínú Riesling yìí, ṣúgà wà dáadáa, ọtí inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 8 nínú 100, nítorí wọ́n dá ìwúkàrà dúró kó tó jẹ ṣúgà náà tán. Ǹjẹ́ ó sú yín lẹ́nu bí omi ṣúgà? Rárá. Kíkan ń lé adùn, adùn ń lé kíkan. Ó ta, ó rọ̀, ó tún ta. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an sínú ìwé yín. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ti mọ wáìnì náà ju ẹni tó ka "ápù aláwọ̀ ewé àti òdòdó" lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà lára ìgò tó máa ń da èèyàn rú: "dry". Faransé ní sec, Jámánì ní trocken. Bí ẹ bá fi èdè wa pè é ní "gbígbẹ", ẹ ti ṣìnà, torí ohun tó wà nínú gíláàsì yín ò gbẹ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ṣúgà inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lábẹ́ òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kò yẹ kó ju gíráàmù 4 nínú lítà kan lọ. Ó lè dé 9 bí kíkan rẹ̀ bá pọ̀ tó láti gbé e. Ẹ gbé ti ọ̀tún báyìí. Ta ló ní ó dùn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ di imú pa, kí ẹ tún un mu. Adùn dà? Ó ti sá lọ. Òórùn fànílà tó ti ara igi óákù wá ló jẹ́ kí ẹ rò pé ṣúgà wà níbẹ̀.

A ti dé ọ̀dọ̀ Chardonnay nìyẹn. Èso tó ń gba ẹ̀kọ́ ni Chardonnay: ohun tí wọ́n bá fi kọ́ ọ ló máa sọ. Ní Chablis ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí òtútù wà, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rí àgbá tuntun, ó tinrín, ó gún, ó sì lọ tààrà. Irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, iṣẹ́ pọ̀ lára rẹ̀. Bakitéríà ti sọ ásíìdì rẹ̀ tó mú, irú èyí tó wà nínú ápù, di irú èyí tó wà nínú wàrà. Ìdí nìyẹn tí kíkan rẹ̀ fi rọlẹ̀. Níbi iṣẹ́ yẹn náà ni òórùn bọ́tà ti máa ń yọ. Wọ́n tún jẹ́ kó sùn lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà tó ti kú, tí wọ́n ń rò ó lóòrèkóòrè, ó wá ki, ó sì gba òórùn búrẹ́dì. Ẹ gbé e sẹ́nu, kí ẹ fi wé ti àárín. Ti àárín sáré gba orí ahọ́n kọjá. Èyí tẹ́ ẹní, ó bo gbogbo ahọ́n, ó dé àjà ẹnu. Ẹ fi ojú inú wo wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ àti èyí tí ọ̀rá rẹ̀ pé: ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lẹ́nu ni mò ń wí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè nípa òkúta. Ẹ máa kà á níbi gbogbo pé Chablis ní ìtọ́wò òkúta, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún ìkarahun àwọn ẹran omi kéékèèké tó ti di òkúta láti ayébáyé. Ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò àjàrà kì í gbé ìtọ́wò òkúta lọ sínú èso. Kí wá ni àwọn èèyàn ń gbọ́? Lójú tèmi, kíkan tó mú ni, tí èso ò bò mọ́lẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí iyọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá wù yín kí ẹ sọ òkúta, ẹ sọ ọ́, mi ò bá yín jà. Kí ẹ sáà fi kún un pé ó gún, ó sì fi ẹnu sílẹ̀ ní mímọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tu ú jáde, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn Faransé tilẹ̀ ní orúkọ fún un, caudalie, ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀kan. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta… Ti àárín ti ń lọ. Ti ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀.

ÌGÒ TÍ A FI AṢỌ BÒ

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1976, ní Páríìsì, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ta wáìnì níbẹ̀, Steven Spurrier, gbé Chardonnay mẹ́fà láti California àti wáìnì funfun mẹ́rin láti Burgundy ní Faransé síwájú àwọn adájọ́ Faransé mẹ́sàn-án, láìjẹ́ kí wọ́n mọ èwo ni èwo. Raymond Oliver, ọ̀kan nínú wọn, tọ́ ọ̀kan wò, inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn ti padà dé Faransé wàyí. Napa Valley ní California ni wáìnì náà ti wá. Adájọ́ míì tọ́ Bâtard-Montrachet wò, ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù ní Burgundy, ó ní California lèyí dájúdájú, kò ní òórùn. Nígbà tí wọ́n ro máàkì pọ̀, Chateau Montelena 1973, ọmọ California, ló gba ipò kìíní. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọn adájọ́ náà ṣẹ̀sín. Nígbà tí wọ́n ń kọ máàkì, ohun tí wáìnì náà ṣe lẹ́nu wọn ni wọ́n kọ, ẹnu wọn ò sì tàn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ ni wọ́n ṣubú.

Èmi náà ti ṣubú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí ìgò funfun kan fún àwa mẹ́fà, orúkọ ara rẹ̀ tó mú kí gbogbo wa jókòó dáadáa. A gbọ́ ọ, a mi orí. Mo kọ sínú ìwé mi pé ó ní òórùn ìwé àtijọ́, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ẹni tó ni wáìnì ò sọ̀rọ̀, ó lọ gbé èkejì wá, orúkọ kan náà, ọdún kan náà. Òdòdó àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló kún gíláàsì. Ìdérí ìgò ti àkọ́kọ́ ló ti bà á jẹ́: èròjà kan tí wọ́n ń pè ní TCA, òórùn kádíbọ́ọ̀dù tó rin omi, tó máa ń pa ohùn èso. Bí mo bá ti bi ara mi léèrè pé kí ni wáìnì yìí ṣe, màá ti rí i pé kò ṣe nǹkan kan. Ó kú sẹ́nu mi, mo sì ń yìn ín nítorí orúkọ.

Ó yá o. Ẹ da ohun tó kù nínú gíláàsì òsì sí kòróbá. Ìgò kẹrin rèé, mo ti fi aṣọ wé e láti ọrùn dé ìdí, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò bó bá dé ọ̀dọ̀ yín. Mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ èso, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìlú. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta péré. Ìyá wa tó jókòó síwájú níbí, tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ gbé e sẹ́nu, mà. Kí ló ṣe?